Àyà Lórí Sìmẹ́ǹtì

"Má fẹnu kan ife mi!" Akọ̀wé rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì náà já ife omi gbà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin ló rán lọ kàwé sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1981. Ẹni tó padà dé sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ogui, ní Enugu, lónìí ní irùngbọ̀n, ó ní ọkùnrin lòun, ó ní dókítà ti bá òun gé ọmú òun méjèèjì kúrò.

"Bí wọ́n ṣe ń gé ẹran lọ́jà Gariki!" Bàbá tutọ́ gba ojú wíńdò. "Ò ń rí mi lára. Èébì ń gbé mi."

"Ẹ má bínú, Dádì. Mo ní kí n wá kí yín ni."

"Kí mi, kó o máa lọ!"

Ọmọ náà kò kúnlẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ojú abẹ ò tíì jinná, ó wá fi ìgúnpá gbé àyà sókè.

Gbogbo ọmọkùnrin Yorùbá tí wọ́n bí sí Enugu, tí wọn ò mọ ìkíni, bàbá yìí ló ń kọ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò lè rí ìdọ̀bálẹ̀ ọ̀lẹ kó dákẹ́. Kó tó ronú, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí! Ṣé bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀ nìyẹn? Fi àyà kanlẹ̀!"

Ó fi àyà kan sìmẹ́ǹtì pẹrẹsẹ.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ bo ẹnu lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. Nígbà tí ọmọ náà gbórí sókè, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ti yọ lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín.

Omi inú ife ń dà sí bàbá lẹ́sẹ̀.