Ohùn Olórí Báńdì

Ní ọdún kejì tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni báńdì àwọn ará àdúgbò Ọgbà máa ń ṣeré ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan: nígbà Àjíǹde, ní àyájọ́ òmìnira, àti nígbà Kérésìmesì. Rachael kì í pa ọ̀kankan jẹ. Nọ́ọ̀sì ni ní Ìlúpéjú, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, òun nìkan ló sì máa ń dá wá. Á jókòó sápá òsì, á gbé báàgì lé itan, á wá máa wo ẹnu ọ̀nà tí àwọn afunfèrè ń gbà wọlé.

Job ni olórí báńdì náà. Ìgbà tí iléeṣẹ́ ìhunṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìkẹjà kógbá sílé ló gbé fèrè idẹ rẹ̀ wá sí Ọgbà, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́: tísà, télọ̀, akọ̀wé báńkì. Èèyàn aláwàdà ni. Kò sí orin tí wọn ó fun tí kò ní kọ́kọ́ bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ òmìnira ọdún náà, ó ní, "Máàṣì la fẹ́ fun báyìí o. Ẹ má sá. Kì í ṣe àwọn sójà ló ń padà bọ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Rachael kò rẹ́rìn-ín. Ó dijú ní gbogbo ìgbà tí Job fi ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí fèrè bẹ̀rẹ̀ ló tó lajú.

Yẹmí, ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn onílù, ló jókòó tì í. Ọmọbìnrin náà ti ń kíyè sí i láti ọjọ́ pípẹ́.

"Àǹtí, orin wo lẹ fẹ́ràn jù nínú orin wọn?"

"Gbogbo ẹ̀ ló dáa. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fun ún ni mo fẹ́ràn."

Yẹmí rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọkọ yín ńkọ́? Wọn kì í bá yín wá."

Rachael ń fi ọwọ́ yí okùn báàgì rẹ̀. "Ọkọ mi ti dákẹ́. Ó ń lọ sí ọdún mẹ́ta."

"Háà, ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere."

Rachael kò ṣe àmín. Yẹmí rò pé ọgbẹ́ náà kò tíì jinná ni. Ó sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ọ̀gá Job náà, nínú gbogbo ẹgbẹ́, kò sẹ́ni tó mọ ilé wọn. Ọkọ mi ní tí èèyàn bá bi wọ́n léèrè ará ilé, wọ́n á kàn gbé fèrè sẹ́nu ni. Ó jọ pé àwọn nìkan ló ń dá gbé."

"Ó jọ bẹ́ẹ̀," ni Rachael wí.

Kò dúró kí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn eré. Kì í dúró. Ó délé kó tó ṣú, ó dáná, ó jẹ tirẹ̀ lórí àpótí ní kíṣìnnì. Ọ̀rọ̀ àti ẹ̀rín àwọn ará yàrá kejì ń gba ara ògiri wọlé. Ó tan rédíò. Nígbà tí ẹni tó ń ka ìròyìn ní ó dàárọ̀, ó dá a lóhùn.

Nígbà tí Kérésìmesì dé, ọyẹ́ ti mú. Rachael dirun, ó wọ aṣọ búlúù kan tí kò wọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Báńdì fun orin ìbí Olúwa mélòó kan, lẹ́yìn náà ni Job bọ́ síwájú.

"Wọ́ọ̀sì, orin ijó òyìnbó, ló kàn. Mo ṣì wà lọ́dọ̀ọ́ nígbà tí mo kọ́ ọ, nítorí ọmọbìnrin kan tó ní òun ò mọ ijó í jó."

"Ta ni ọmọbìnrin ọ̀hún?" Ẹnì kan ló kígbe láti ẹ̀yìn.

Job gbé fèrè sẹ́nu.

Orin náà rọra ń lọ bí ẹni ń rìn létí omi. Kó tó parí, omi ti bo ojú Rachael. Bí àwọn èèyàn ṣe ń pàtẹ́wọ́, Yẹmí fa ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká lọ kí wọn lónìí. Wọn ò ní gé yín jẹ."

Rachael kọ̀, ó tún gbà. Wọ́n rá pálá láàrin èrò títí wọ́n fi débẹ̀.

"Ọ̀gá, Àǹtí yìí kì í pa eré yín jẹ o," ni Yẹmí wí.

Job gbójú sókè. Àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí ohun tó máa sọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà," ni Rachael wí. "Wọ́ọ̀sì yẹn dùn."

Job ń nu ẹnu fèrè rẹ̀, ó ń nu ún ṣáá.

"Ẹ ṣé, mà. Inú mi dùn pé ẹ wá."

Nígbà tí wọ́n jáde, Yẹmí fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fò sókè. "Ẹ gbọ́ bí ohùn wọn ṣe gbọ̀n? Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí èyí bọ́ o!"

Rachael rẹ́rìn-ín, ó sì yára lọ wọkọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀: inú mi dùn pé ẹ wá, inú mi dùn pé ẹ wá. Ó ra adìyẹ. Ó se ìrẹsì, ó dín dòdò, ó nu tábìlì, ó tún ojú rẹ̀ ṣe nínú dígí bí ẹni tó ń retí àlejò. Ó wá jókòó, ó pa rédíò.

Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, Job fi kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó gba ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kọjá láìwo ojú rẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì tìlẹ̀kùn láìsọ ọ̀rọ̀ kan, bó ti ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ọmọ wọn kan ṣoṣo.