Etu Tí Kò Rí Elégbè

Ẹ gbọ́ àlọ́ mi o! Ó gbéra nílẹ̀, ó sáré gun òkè, ó já lé Etu lórí.

Lẹ́yìn ìkórè, gbogbo ẹranko sanra, wọ́n ń mí hẹlẹ. Etu, Ọ̀yà àti Òkété bá ṣàdéhùn pé àwọn yóò máa sáré gun òkè láràárọ̀. Etu a lé orin, àwọn yòókù a gbè é:

Ẹsẹ̀ mi, gbé mi.
— Ká gòkè.
Òkè ò gbowó.
— Ká gòkè.

Kò pẹ́, Ọ̀yà ní, "Ẹsẹ̀ lásán kọ́ la fi ń gun òkè. Ó dìgbà tí mo bá rí bàtà." Òkété ní, "Ẹ̀gbọ́n Etu, ẹ máa lọ ná. Bí oṣù tuntun bá lé, n ó bá yín." Ó padà sídìí ẹ̀kùrọ́ rẹ̀.

Ó wá ku Etu nìkan. Ẹsẹ̀ a wúwo, a fẹ́rẹ̀ẹ́ yà sílé. Ṣùgbọ́n Etu a lé orin, a tún fẹnu ara rẹ̀ gbè é, a sì gòkè.

Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àwọn ọdẹ dáná sun igbó. "Ẹ sáré o!" ni Etu ń ké. Ọ̀yà sáré díẹ̀, èémí rẹ̀ tán. Ikùn Òkété há sẹ́nu ihò. Etu nìkan ló gòkè bọ́.

Ó kọjú sí èéfín, ó lé orin. Kò gbè é fúnra rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó fi ègbè sílẹ̀ fún wọn. Igbó dákẹ́.

Bí mo bá parọ́, ẹ wọgbó lọ wò ó: Etu a sáré díẹ̀, a dúró, a na etí. Ẹ má rò pé ọdẹ ló ń ṣọ́. Ègbè ló ń retí.