Ẹ̀jẹ̀ Aláìlórúkọ

Ayẹ̀jẹ̀wò yọ ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ náà jáde nínú ẹ̀rọ tó ń yí bírí. Sẹ́ẹ̀lì pupa ti sọ̀ kalẹ̀ sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ sì mọ́ bí òróró lókè. Níbi iṣẹ́ wọn, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n ń kọ sára ìgò, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ó fi omi náà sínú ẹ̀rọ àyẹ̀wò, ó ka èsì tó jáde, ó pòṣé.

“Kí ló dé?” ni akọ̀wé bi í.

“Họ́mónù, èròjà tí kókó inú ọrùn ń ṣe, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátá lára ẹni yìí. Òun ló ń fún ara lágbára. Òtútù á máa mú un nínú oòrùn, á máa sùn lọ́sàn-án gangan, ará ilé rẹ̀ á sì máa pè é ní ọ̀lẹ. Ìkà lọmọ aráyé!”

Akọ̀wé wo nọ́ńbà tó wà lára ìgò náà. Gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́ ayẹ̀jẹ̀wò láàárọ̀ tó ń pariwo sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù pé ọ̀lẹ ìyàwó tí òun lé lọ kò ní padà wọlé òun.

“Nọ́ńbà méjìdínlógún!” ni akọ̀wé ké lójú fèrèsé.

Obìnrin kan tó wọ súwẹ́tà nínú ooru dìde lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé náà, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀.

Ayẹ̀jẹ̀wò yọjú wò ó. “Ìwọ?”

“Èmi ni, Bàbá Ìbejì. Ká ní ẹ rí orúkọ mi lára ìgò ni, ọ̀lẹ náà lẹ máa rí nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn.” Ó na ọwọ́ gba ojú fèrèsé. “Ẹ bá mi kọ ọ́ bí ẹ ṣe sọ ọ́. Ẹ má yọ ìkà yẹn kúrò.”