Ẹnu tí Ràsáàkì Fi Owó Ilé Ìgbẹ̀bí Rà

Ràsáàkì kì í gbàgbé ẹ̀ṣẹ̀. Bí ènìyàn bá ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀rùn, ó lè di òjò kí ó tó gbẹ̀san, ṣùgbọ́n yóò gbẹ̀san dandan. Ìkùnsínú yìí ni àbùkù rẹ̀, òun ni ó sì ba ayé rẹ̀ jẹ́.

Ní ọdún 1981, ìlú rẹ̀, tí ó wà láàárín Òkèhò àti Ìsẹ́yìn, fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ̀yìn alùpùpù ni wọ́n fi ń gbé aboyún lọ sí Òkèhò, àwọn mìíràn kì í sì í débẹ̀ láàyè. Mọ́nsúrù ni àbúrò Ràsáàkì; ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tí ó kú bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni Mọ́nsúrù, tí ó jẹ́ bíríkìlà, ṣe mọ búlọ́ọ̀kù ilé náà láìgba kọ́bọ̀, tí ó sì tò wọ́n jọ sórí ilẹ̀.

Ràsáàkì ni alága ìgbìmọ̀ tí yóò ṣètò ọjọ́ ìkówójọ. Mọ́nsúrù dábàá pé kí Ìyá Florence, agbẹ̀bí tí ó ti fẹ̀yìn tì, wá bá àwọn ènìyàn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, owó mọ́tò nìkan ni wọ́n máa gbà. Wọ́n mọ ohun tí ojú aboyún ń rí."

Ràsáàkì bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò tọwọ́ bàpò nítorí arúgbó tí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń rẹ ọmọ lẹ́kún? Ládòkun tí ń gbowó sọ̀rọ̀ lóde ayẹyẹ ni a ó pè."

Àtinúkẹ́, akápò wọn, figbe ta. "Ládòkun ti Ṣakí, tí ń fi ẹnu bọ́ṣọ lára ọmọlúàbí? Alága, owó tí ó ń gbà tó owó sìmẹ́ńtì wa!"

"Ẹ yọ ọ́ nínú owó sìmẹ́ńtì, nígbà náà."

Wọn kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ọdún tí ó kọjá, Ojúọlápé fi ìbò gba ipò alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Nítorí èyí, kí ọjọ́ ìkówójọ tó pé, Ràsáàkì lọ bá Ládòkun ní Ṣakí, ó sì fi ohun tí yóò sọ sí i lẹ́nu. Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ojúọlápé kó páànù òrùlé wá, ìlú sì ń pàtẹ́wọ́ fún un nígbà tí Ládòkun gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Páànù lo kó wá? Nígbà tí àwọn bàbá wa dìde sí òyìnbó, kí ni bàbá rẹ àgbà mú wá? Ṣé kì í ṣe òun ló fọ̀nà han àwọn sójà? Ẹ̀jẹ̀ ni ẹ fi po ẹrẹ̀ ilé yín!"

Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó gba àlejò ni í jíhìn ẹnu àlejò. Ojúọlápé yíjú sí Ràsáàkì.

"Ìwọ lo gbà á lálejò. Ṣé ẹnu rẹ nìyẹn?"

Ká ní ó sọ pé "Rárá," ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ràsáàkì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló ń ta ọ́ lára?"

Ẹyin lohùn. Àwọn ọmọ Ojúọlápé gbá a lẹ́nu títí eyín fi dà sílẹ̀. Àwọn ará ilé Ràsáàkì yọ kùmọ̀, àwọn kejì yọ àdá. Wọ́n la orí, wọ́n ṣẹ́ apá. Ládòkun ti wọ mọ́tò, ó ti sá lọ. Nígbà tí igi tán lọ́wọ́ wọn, wọ́n dà bo òkìtì búlọ́ọ̀kù.

Mọ́nsúrù sáré bọ́ sáàárín wọn, ó na apá méjèèjì. "Ẹ má fi pa ènìyàn! Ẹ jọ̀ọ́, ilé ọmọ tuntun ni!"

Ràsáàkì ti gbé ọ̀kan sókè, Ojúọlápé ni ó ń wò. Ó jù ú. Orí Mọ́nsúrù ni ó bà, ó sì fọ́ ọ. Kí Ràsáàkì tó lè ké, àdá gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́.

Adájọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Bí ọlọ́pàá ti ń mú un jáde ní kóòtù, ó rí Àwáwù, ìyá rẹ̀, ó sì ké pè é. Ìyá àgbà náà wò ó tààrà.

"Ọmọ méjì ni mo bí," ni ó wí fún ọlọ́pàá. "Ọ̀kan pa èkejì. Ẹ máa mú un lọ. Èmi kò bímọ mọ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹni tí a bá yàn láti wá ẹnu tí yóò bá ìlú sọ̀rọ̀, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ìlú fẹ́ ṣe, kí ó má ṣe bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí òun fẹ́ dójú tì. Owó àjọ kì í ṣe ohun ìjà ẹnì kan. Ẹni tí ó bá sì yá ahọ́n ẹlòmíràn láti fi gún ọ̀tá, kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í mọ ojú olówó rẹ̀: ó lè jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa.