Ọlọ Láìsí Ọmọ

Aránṣọ kan ya fọ́tò ọlọ ìyá rẹ̀, ó gbé e sórí ayélujára: "Ọlọ ilé wa. Kò lábùkù kankan."

Kí oòrùn tó wọ̀, oníbàárà kan ti dé, ìyá àgbà kan tí ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Ọmọ mi obìnrin ló bímọ o! Oúnjẹ ìkókó ni mo fẹ́ máa fi í lọ̀."

"Ẹ kú oríire, mà." Ojú aránṣọ ò yí padà.

Ìyá àgbà fọwọ́ ra ojú ọlọ. "Ó mà jọ̀lọ̀ o! Ọmọ ọlọ dà?"

"Ọlọ nìkan ni mò ń tà, mà."

"Háà, ìyàwó mi! Ṣé ìgbọ̀nwọ́ ni kí n wá fi máa lọ nǹkan ni? Ta ní í ta ìyá kó dá ọmọ dúró? Láìsí ọmọ, mi ò rà á o."

Ọkọ aránṣọ gbójú sókè lórí àga. "Jọ̀ọ́, gbé e fún wọn. Ó ti tó."

Aránṣọ wọ yàrá.

Ó gbé ọmọ ọlọ kúrò lórí ibùsùn kékeré tí ìkókó kankan ò sùn sí rí. Aṣọ òtútù tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló fi wé e.

Ìyá àgbà na ọwọ́ kan.

"Ọwọ́ méjèèjì, mà," ni aránṣọ wí. "Ẹ rọra. Ẹ fọwọ́ ti orí rẹ̀ lẹ́yìn."