Máàpù Etí Kánáàlì

"Kí lo ṣì ń wò? Pa gbogbo ilé yẹn rẹ́." Ọ̀gá dúró ti ayamáàpù náà lẹ́yìn ní ọ́fíìsì wọn ní Àpápá. "Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń retí. Ilẹ̀ òfìfo ni mo pè é fún wọn."

"Ọ̀gá, èèyàn ń gbé ibẹ̀, sà."

"Àwọn ará Ajégúnlẹ̀ yẹn? Àbí kí n gbé iṣẹ́ rẹ fún ẹlòmíì?"

Ilé ìyá ayamáàpù wà lára àwọn ilé náà, ọ̀gá kò sì mọ̀. Ó kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé láti ìlà dé ìlà nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé, níbi tí ilé kọ̀ọ̀kan ti ní ìlà tirẹ̀: ilé tó bá wà létí kánáàlì, kí ó pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ọ́mọ̀ fi àléébù kan sínú rẹ̀. Bí ìlà kan bá ti parẹ́, èyí tó wà nísàlẹ̀ á gòkè bọ́ sí àyè rẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì fò ó kọjá. Ọ̀kan á lọ, èkejì á yè. Ó fi ìyókù lé Olúwa lọ́wọ́, ó tẹ bọ́tìnnì.

"Wá ilé Dáhùnsí tó pè wá lẹ́jọ́ fún mi."

Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Kò wo ìyókù tó fi fi máàpù náà ránṣẹ́, ó sì jáde.

Ayamáàpù wá ilé ìyá rẹ̀. Ó ti parẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló dúró digbí: ilé Sàfíátù, tó ti fi àgádágodo ti kànga láti ọjọ́ pípẹ́ kí ìyá ayamáàpù má lè pọnmi níbẹ̀.