Télọ̀ Tó Bá Ẹyẹ Ẹ̀gà Ṣọ̀tá

Télọ̀ kan wà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fi òun rẹ́rìn-ín. Ìbínú rẹ̀ kò jìnnà rárá. Àwọn aládùúgbò sọ ọ́ ní Má-fi-mí-ṣẹ̀sín.

Ẹ̀yìnkùlé ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí, lábẹ́ igi ńlá kan tí àwọn ẹyẹ ẹ̀gà kọ́lé sí. Ìyá rẹ̀, tí ojú rẹ̀ kò ríran mọ́, a máa jókòó síbẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ẹ̀gà bá ń pariwo, ìyá á máa dá wọn lóhùn bí ẹni ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣeré.

Àwọn ẹyẹ náà kò bẹ̀rù Télọ̀. Wọ́n ń jí òwú rẹ̀ kó, wọ́n sì ń fi í hun ilé wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń wọn èjìká oníbàárà kan lọ́wọ́ nígbà tí ẹ̀gà kan ṣu lé e ní àárín orí.

Oníbàárà pariwo pé, “Télọ̀, ẹ̀gà ti fi yín joyè!”

Ìyàwó Télọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá náà rín títí ó fi di ìhà mú. Ojú Télọ̀ pọ́n kuku. Bí oníbàárà ṣe ń jáde ló gbé àkàbà àti ayùn.

Ìyàwó rẹ̀ dì í mú. “Ẹ dákun, ẹyin wà nínú ilé wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pamọ ná. Ẹ jẹ́ ká ta tapólì sórí ẹ̀rọ yín.”

“Ìwọ náà ti di ara wọn, àbí?”

Ìyá gbọ́ ìró àkàbà. “Ọmọ mi, kì í ṣe ìwọ ni mo fi rẹ́rìn-ín. Inú mi ló dùn.”

“Ìyá, ẹ máa wọlé lọ.”

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í ni ni lára. Ìbínú kò jẹ́ kí Télọ̀ rí i pé ẹ̀ka tó ń gé gan-an ni òun fi àkàbà tì. Ẹ̀ka ya, òun àti àkàbà tẹ̀ lé e. Gbogbo ẹyin ló fọ́. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ló bọ́ sábẹ́ ara rẹ̀, egungun sì ṣẹ́.

Ọwọ́ náà jinná, ṣùgbọ́n ó wọ́. Kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́. Àwọn oníbàárà bá tiwọn lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù tí Télọ̀ fúnra rẹ̀ rán. Àwọn ẹ̀gà kò padà wá. Nígbà tó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó jáde wá gba atẹ́gùn, ìyá dáhùn pé, “Kí ni mo fẹ́ wá gbọ́ níbẹ̀?” Télọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó sunkún bí ọmọdé. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fi èyí kọ́gbọ́n. Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Ìbínú ló ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di àrùn ọjọ́ pípẹ́. Bí wọ́n bá fi ọ́ rẹ́rìn-ín nínú ilé rẹ, bá wọn rín in. Má sì ṣe fìyà jẹ ohun tí kò mọ̀ pé òun ṣẹ̀ ọ́.